Bíréèkì já? Ti rélùwéè yàtọ̀ o: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láti orí ẹ́ńjìnnì títí dé ẹsẹ̀ irin

Àríyànjiyàn ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá oníkòròpé kan gbé mọ́tò wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa l'Óṣogbo níbí, a ò jìnnà sí Station Road, fúlúùdù bíréèkì ẹ̀ ló ti jò tán, ó tẹ pẹ́dà títí ó fi kanlẹ̀ mọ́tò ò dúró, ìdí Márúwá ẹlẹ́ni lọ́wọ́ Ọláìyá ló lọ fi ṣe bíréèkì. Ibi tí wọ́n ti ń tú táyà ẹ̀ ló ti ń dúpẹ́, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé kòròpé ni, ká ní rélùwéè ni bíréèkì ẹ̀ já báyẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe Ìlọrin ni wọ́n á ti lọ bá a. Mo ní rárá o, tí rọ́bà bíréèkì rélùwéè bá já, ṣe ló máa dúró gbagidi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní málíìtì tútù méjì lòun fi ta á.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bíréèkì tírélà ni mò ń ṣe, àwọn tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́, ọ̀gá tó sì kọ́ mi níṣẹ́ ti fìgbà kan wà ní rélùwéè, àwọn ni wọ́n máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ̀nù, ìyẹn àwọn tí ẹ́ńjìnnì ń fà, tí wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kó tó gbéra. Rélùwéè ò ṣàjèjì síbí, 1907 ló ti wọ Òṣogbo, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tó dé Ìbàdàn, àmọ́ ká wọ̀ ọ́ lọ s'Ékòó ká bọ̀ la mọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ pé kí ló ń dá irin tó wúwo tó yẹn dúró.

Ohun kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà tí mo máa lò, ti rélùwéè akẹ́rù Amẹ́ríkà àti Kánádà ni, torí George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ló dá irú bíréèkì yìí sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, ó pẹ́ tí wọ́n fi lo èyí tí wọ́n máa fa atẹ́gùn kúrò nínú páìpù dípò kí wọ́n tì í sínú ẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni, wọ́n kàn dojú ẹ̀ délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbàgbé pẹ́dà

Nínú kòròpé, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ló ń ti fúlúùdù, fúlúùdù á ti páàdì, páàdì á gbá disìkì mú. Tí fúlúùdù bá jò, kò sóhun tó máa ti páàdì mọ́, ó parí nìyẹn. Ohun tá a máa ń pè ní "bíréèkì já" nìyẹn.

Westinghouse náà fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1869. Ẹ́ńjìnnì á ti atẹ́gùn gba inú páìpù kan lọ sídìí gbogbo wágọ̀nù, atẹ́gùn á ti bíréèkì, ọkọ̀ á dúró. Ó dáa ju ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, torí tẹ́lẹ̀, èèyàn ló ń sáré lórí òrùlé wágọ̀nù, nínú òjò, nínú yìnyín, láti wágọ̀nù kan bọ́ sí òmíì, tó ń fọwọ́ yí wílì bíréèkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló já bọ́ sáàárín irin. Àmọ́ àléébù kòròpé náà wà lára ẹ̀: tí páìpù bá já, tàbí tí wágọ̀nù bá já lára èkejì, kò sí bíréèkì mọ́.

Ní 1872 ló wá yí i po. Ó ní kí páìpù kún fún atẹ́gùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń SÁRÉ, tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ dúró kó jẹ́ kí atẹ́gùn náà jáde. Ẹ tún un kà o. Títì kọ́ ló ń mú bíréèkì mú, jíjò ni. Torí ẹ̀ tí rọ́bà bá já, bíi pé dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì pátápátá ni. Ẹni tó bá ti gbé èyí sọ́kàn, ìyókù ò le.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá àwọn nǹkan tó wà lábẹ́ wágọ̀nù mọ̀

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wágọ̀nù kan. Páìpù irin kan gba abẹ́ ẹ̀ já láti orí dé ìdí, rọ́bà kan tó nípọn ń rọ̀ dirodiro ní ẹnu ẹ̀ méjèèjì, irin kan bí ọwọ́ tó fẹ́ bọ ọwọ́ ẹlòmíì wà lẹ́nu rọ́bà náà, tí wágọ̀nù méjì bá ti sún mọ́ra ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ra wọn, á dún kẹ́! Táàpù kan wà níbi tí rọ́bà ti kan páìpù. Tí ọwọ́ táàpù bá dọ́gba pẹ̀lú páìpù, ó ṣí. Tó bá dábùú ẹ̀, ó tì. Ẹ fi ti táàpù yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Láàárín abẹ́ wágọ̀nù, ẹ ó rí táǹkì kan, wọ́n sábà pín inú ẹ̀ sí méjì, apá kan fún bíréèkì ojoojúmọ́, apá kejì fún ti pàjáwìrì. Ẹ ó rí sílíńdà bíréèkì tí písítìnì wà nínú ẹ̀. Ẹ ó wá rí irin gbàǹgbà kan tí páìpù wọnú ẹ̀ tí páìpù jáde nínú ẹ̀, ìyẹn ni fáàfù, òun ni ọba gbogbo wọn. Kò sí wáyà iná kankan o. Irin àti rọ́bà àti atẹ́gùn ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi sìríǹjì dán fáàfù wò

Ibí ni mo ti jẹ málíìtì. Mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí kẹ́mísì, ó ra sìríǹjì mẹ́rin tó gùn dọ́gba, ẹ yọ abẹ́rẹ́ dànù, àti rọ́bà dírípù méjì. Ẹ fa ọ̀pá ìtì sìríǹjì méjì dé ìdajì, ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá méjèèjì kan ara wọn lórí rúlà, bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn, ẹ fi téèpù dè wọ́n pọ̀ lórí, kẹ́ ẹ sì fi téèpù de ara sìríǹjì méjèèjì mọ́ rúlà kó má lè sún. Ẹ lè fi òróró díẹ̀ sí i nínú kó lè yọ̀. Ẹ wá fi rọ́bà dírípù kan so ẹnu ti apá òsì mọ́ sìríǹjì kẹta, ẹ pe ìyẹn ní PÁÌPÙ. Ẹ so ẹnu ti apá ọ̀tún mọ́ ìkẹrin, ìyẹn ni TÁǸKÌ. Kí àwọn méjì yìí náà fa atẹ́gùn dé ìdajì kẹ́ ẹ tó so wọ́n.

Ẹ ti PÁÌPÙ àti TÁǸKÌ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bákan náà. Àgbò méjèèjì tó fẹ́ kàn ò ní lọ síbì kankan, torí agbára wọn dọ́gba. Ẹ wá dá TÁǸKÌ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ fa PÁÌPÙ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀pá méjèèjì ṣe máa sún lọ sí apá òsì! Ẹnikẹ́ni ò ti nǹkan kan o, agbára PÁÌPÙ ló kàn dín kù, TÁǸKÌ ló wá ń tì í lọ.

Sísún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú fáàfù rélùwéè, nígbà tí písítìnì kékeré yẹn bá sún lọ sápá kan, ó máa ṣí ihò tó lọ láti táǹkì sí sílíńdà bíréèkì, bíréèkì á mú. Tí dẹ́rẹ́bà bá tún ti atẹ́gùn sínú páìpù, písítìnì á sún padà, á ti ihò yẹn pa, á ṣí òmíì tí atẹ́gùn inú sílíńdà máa gbà bọ́ síta, ẹ ó gbọ́ "ṣììììì", bíréèkì á tú, lẹ́ẹ̀kan náà atẹ́gùn á máa gba ojú ihò tóóró kan wọ táǹkì kó tún lè kún padà. Iṣẹ́ mẹ́ta: kó fi kún, kó mú un, kó tú u. Ìdí tí wọ́n fi ń pe ti Westinghouse àtijọ́ yẹn ní triple valve nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá oníkòròpé fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa sìríǹjì náà tó ìgbà mẹ́fà. Ó lọ ra málíìtì. Gbígbóná ló rà wá ṣá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bá mi ṣírò díẹ̀

Fọganáísà máa ń gbé géèjì táyà mọ́tò kékeré sí bíi 30 sí 35 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn tí géèjì ń kà. Páìpù rélùwéè akẹ́rù l'Amẹ́ríkà, 90 psi ni wọ́n sábà ń fi sí i. Táǹkì inú wágọ̀nù náà á kún dé 90. Ní báyìí dẹ́rẹ́bà fẹ́ kó rọra fà, ó jẹ́ kí páìpù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú 10, ó di 80. Fáàfù sún, atẹ́gùn táǹkì bẹ̀rẹ̀ sí wọ sílíńdà. Títí dìgbà wo? Títí tí táǹkì náà fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 80, torí tó bá ti kéré díẹ̀ sí ti páìpù báyìí, páìpù ló lágbára jù, á ti písítìnì padà díẹ̀, ihò á pa, gbogbo nǹkan á dúró síbi tó wà. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo tún un rò lóru lórí bẹ́ẹ̀dì.

Torí pé táǹkì tóbi ju sílíńdà lọ, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, 10 tó kúrò nínú táǹkì á di 25 nínú sílíńdà. Tí dẹ́rẹ́bà bá dín 20, ó di 50. Tó bá dín 26 ńkọ́? Táǹkì ku 64, sílíńdà náà dé 64, àwọn méjèèjì ti dọ́gba, kò sí bí táǹkì ṣe lè ti nǹkan kan mọ́. Dẹ́rẹ́bà tó bá tún ń dín in lẹ́yìn 26 yẹn, ó kàn ń da atẹ́gùn nù ni, bíréèkì ò ní mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tó bá lo ti pàjáwìrì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: láti sílíńdà dé ẹsẹ̀ irin

Ìwọ̀n sílíńdà tó wọ́pọ̀, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 10. Tí atẹ́gùn inú ẹ̀ bá jẹ́ 64 psi, agbára tí písítìnì á fi jáde tó nǹkan bí 5,000 páúǹdù, bíi kéèyàn to àpò sìmẹ́ǹtì 45 lé ara wọn kó sì gbé e lé ọ̀pá kan lórí. Ìyẹn ò sì tíì tó. Písítìnì máa ti ọ̀pá irin gbọọrọ kan, ọ̀pá yẹn máa fa òmíì tó dábùú, bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi dígà hú òkúta, apá gígùn ló ń fún apá kúkúrú lágbára, ọ̀pá dé ọ̀pá títí wọ́n fi máa fa irin dábùú tó gbé ṣúù bíréèkì (òun ló ń ṣe iṣẹ́ páàdì), ṣúù mẹ́jọ á fẹnu kan ẹsẹ̀ irin mẹ́jọ, ìyẹn táyà onírin wágọ̀nù, lójú ibi tó ń gorí irin gan-an. Kò sí dúrọ́ọ̀mù, kò sí disìkì. Ẹsẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù.

Tí ṣúù bá ń jẹ, písítìnì á máa jáde jìnnà sí i kó tó kàn. Irin kan wà láàárín àwọn ọ̀pá yẹn tó ń fà wọ́n mọ́ra fúnra ẹ̀ bí ṣúù ṣe ń jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe tírélà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, tiwa náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ ò bá tíì pa á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbéra

Ibí lọ̀gá mi ti máa ń le jù, wọn kì í fi ṣeré. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti dé iwájú wágọ̀nù, ẹ má tíì so rọ́bà. Ẹ kọ́kọ́ di rọ́bà ẹ́ńjìnnì mú dáadáa, ẹ ṣí táàpù ẹ̀ fìrí kẹ́ ẹ tún tì í, kí atẹ́gùn fẹ́ yẹ̀pẹ̀ àti omi tó wà lẹ́nu ẹ̀ dànù, torí tí yẹ̀pẹ̀ bá wọ inú fáàfù, ó di wàhálà ọ̀sẹ̀ méjì. Kẹ́ ẹ wá so ó. Kẹ́ ẹ wá ṣí táàpù, díẹ̀díẹ̀ o! Ẹni tó bá ṣí i gbàù, páìpù tó ti ní atẹ́gùn tẹ́lẹ̀ á rò pé òun já, gbogbo bíréèkì á mú ní ti pàjáwìrì, ẹ ó sì tún jókòó máa dúró kó kún látìbẹ̀rẹ̀.

Táàpù gbogbo wágọ̀nù gbọ́dọ̀ ṣí láti iwájú dé ẹ̀yìn, àfi ti ẹ̀yìn pátápátá nìkan ló máa tì. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ fojú wò ó. Táàpù kan tó tì láàárín ọkọ̀ ló burú jù nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí bíréèkì àwọn wágọ̀nù tó wà níwájú ẹ̀ á máa mú, dẹ́rẹ́bà á rò pé gbogbo ẹ̀ ló mú, àwọn tó wà lẹ́yìn ò tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Rọ́bà tó bá já máa dá ọkọ̀ dúró. Táàpù tó tì ò ní dá nǹkan kan dúró.

Tí géèjì bá ti fi hàn pé páìpù ti kún, ẹ wo bó ṣe ń jò. L'Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ ju 5 psi lọ ní ìṣẹ́jú kan. Dẹ́rẹ́bà á wá dín 20, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan: ṣé písítìnì jáde? Ó yẹ kó jáde láàárín íńṣì 6 sí 9 fún sílíńdà tí písítìnì ẹ̀ lè lọ íńṣì 12. Tó bá jáde jù, àyè inú sílíńdà ti pọ̀ jù, agbára á dín kù. Ṣé ṣúù kan ẹsẹ̀? Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́, ẹ fojú rí i, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ṣúù lè mú nígbàkigbà, kì í bi èèyàn. Ẹ má sì dúró sáàárín wágọ̀nù méjì láìjẹ́ pé dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ wá ní kó tú u, kẹ́ ẹ sì rí i pé gbogbo ẹ̀ tú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ìyẹn. Wágọ̀nù tí bíréèkì ẹ̀ ò tú máa fi ṣúù ha ẹsẹ̀ títí táá fi pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ.

Tó bá wá já lóòótọ́ ńkọ́?

Atẹ́gùn á bú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáàfù mọ ìyàtọ̀ láàárín kó rọra sọ̀ kalẹ̀ àti kó já lulẹ̀. Tó bá já lulẹ̀, fáàfù wágọ̀nù tó sún mọ́ ibẹ̀ náà á tún da atẹ́gùn páìpù síta níbi tó wà, ìyẹn á jẹ́ kí ti èkejì náà dà á, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ara wọn lọ láti wágọ̀nù dé wágọ̀nù, ìròyìn náà ń lé ní mítà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Táǹkì pàjáwìrì á ṣí kún ti ojoojúmọ́, sílíńdà á gba ju 64 lọ, á sún mọ́ 77. Dẹ́rẹ́bà lè má tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ á ti mú.

Mímú ò ní kó dúró lójú ẹsẹ̀ o. Irin lórí irin ni, ọkọ̀ tó gùn tó kìlómítà kan ṣì máa yọ̀ lọ ní jìnnà. Ẹ jẹ́ káwọn tó ń gbé ọjà sórí irin gbọ́.

Orí òkè, ibi tí dẹ́rẹ́bà ti ń dá ara ẹ̀ mọ̀

Bíréèkì akẹ́rù Amẹ́ríkà kì í tú díẹ̀. Ẹ lè mú un díẹ̀díẹ̀, 7, 10, 15, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi atẹ́gùn díẹ̀ sínú páìpù báyìí, gbogbo ẹ̀ á tú pátá. Dẹ́rẹ́bà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó mú un, tó tú u, tó mú un, tó tú u, táǹkì ò rí àyè kún padà, ìgbà tó bá máa fi mú un lẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sí nǹkan nínú táǹkì mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni rélùwéè ti lè ní "bíréèkì já" tó dà bíi ti kòròpé, láìjẹ́ pé nǹkan kan já. Mo gbà fún bọ̀ọ̀dá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀

Èmi oní-tírélà, ibí ló yà mí lẹ́nu jù. Tírélà tiwa ní sípíríǹgì nínú, atẹ́gùn ló ń di sípíríǹgì mú, tí atẹ́gùn bá tán pátápátá sípíríǹgì á na ara ẹ̀, á gbá táyà mú, á wà bẹ́ẹ̀ títí ọdún. Wágọ̀nù ò ní sípíríǹgì yẹn. Atẹ́gùn ló ń mú bíréèkì ẹ̀, atẹ́gùn sì ń jò, lóru yìí tàbí lọ́la, sílíńdà á ṣófo, bíréèkì á tú jẹ́jẹ́ láìsí ariwo.

Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Lac-Mégantic, ìlú kan ní Kánádà, oṣù keje 2013, àmọ́ bíréèkì ẹ́ńjìnnì ló tú níbẹ̀. Wọ́n páàkì ọkọ̀ elépo oníwágọ̀nù 72 sórí òkè lálẹ́, iná ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n pa iná, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì náà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú bíréèkì, ò ṣiṣẹ́ mọ́, atẹ́gùn tó ń di bíréèkì ẹ́ńjìnnì mú bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Háńdìbíréèkì méje ni wọ́n yí, kò tó. Ọkọ̀ yí wọ àárín ìlú, ó jóná, èèyàn 47 kú.

Torí náà, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Wílì háńdìbíréèkì kan wà ní ìdí wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ṣéènì, ṣéènì ń fa àwọn ọ̀pá kan náà tí písítìnì ń tì. Ẹ yí i títí ṣéènì á fi le kankan, ẹ fojú wo ṣúù pé ó kàn. Iye wágọ̀nù tẹ́ ẹ máa yí, bí òkè bá ṣe rí àti bí ẹrù bá ṣe wúwo ló máa sọ. Tẹ́ ẹ bá ti yí i tán, ẹ tú gbogbo bíréèkì atẹ́gùn, ti wágọ̀nù àti ti ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, kó ku háńdìbíréèkì nìkan, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ọkọ̀ máa sún. Tó bá sún, ẹ mú un padà, ẹ lọ yí sí i. Ní Lac-Mégantic, wọ́n dán an wò náà, àmọ́ bíréèkì ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí nígbà tí wọ́n ń dán an wò, òun ló dì í mú tí wọ́n fi rò pé méje ti tó.